Ẹ Bi Wá: Òjò Inú Ìgò, Ẹyẹ Abẹ́òkúta àti Ẹran Tó Ń Gbó Lórí Igi Lóru

Àwọn ìbéèrè tó wọlé lóṣù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: kí ni ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè ṣe fún igbó, odò àti ẹ̀dá tó yí i ká ní Abẹ́òkúta? Méje la mú nínú wọn. Èyí tó gba àlàyé púpọ̀ la fún láyè púpọ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún máa wọn òjò, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń pe irinṣẹ́ rẹ̀ kọjá agbára ilé ẹ̀kọ́ wa. Ṣé a lè fi agolo mílíìkì ṣe é?*
— Olùkọ́, Ọ̀bàńtókò

Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ fi agolo mílíìkì sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kéré, ó sì là sílẹ̀ gbayawu. Bí oòrùn bá ti yọ, omi tó wà nínú rẹ̀ ti ń gbẹ nìyẹn. Ẹ wá àrọ oníke tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, irú èyí tí àwọn elépo fi ń rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ wá ìgò oníke tó gbà ju lítà 2 lọ, sírínjì tuntun mìlílítà 10 tí ẹ ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ dànù, àti ìgò oúnjẹ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fa ìlà mìlílítà sí lára. Ẹ ti ọ̀fun àrọ bọ ẹnu ìgò, kí ẹ fi téèpù dí gbogbo àlàfo tó bá wà láàárín wọn, kó jẹ́ omi tó bọ́ sínú àrọ nìkan ló máa wọlé. Ọ̀fun tóóró yẹn ni kì í jẹ́ kí oòrùn fa omi náà lọ.

Ibi tí àwọn ọmọ á ti gbádùn ìṣirò nìyí. Òjò mìlímítà 1 ni omi tó máa ga ní mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, bí kò bá ṣàn lọ, tí kò sì wọlẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 1 níbùú, mítà 1 lóròó, lítà 1 gééré ni. Ẹ fi rúlà wọn ẹnu àrọ yín láti ètè inú dé ètè inú. Ẹ pín in sí méjì, ẹ sọ iye náà di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ tún sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 3.14, kí ẹ wá pín in sí 10. Bí ẹnu àrọ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, 17.7 ni yóò jáde: mìlílítà 17.7 nínú ìgò dúró fún òjò mìlímítà 1. Bí ẹ bá bá mìlílítà 336 nínú ìgò láàárọ̀, ẹ fi ìgò ọmọ ọwọ́ wọn 330, ẹ fi sírínjì wọn 6 tó kù, ẹ pín 336 sí 17.7. Òjò mìlímítà 19 ló rọ̀.

Ẹ má fi ojú díwọ̀n ẹnu àrọ. Bí ó bá jẹ́ 14.5 tí ẹ kọ 15 sílẹ̀, òjò mìlímítà 100 á di 93 nínú ìwé yín, gbogbo ọdún yẹn á sì fi bẹ́ẹ̀ dín. Ìgò náà ńkọ́? Ìgò omi sẹ̀ǹtílítà 75 tí gbogbo èèyàn ń jù sílẹ̀ á kún àkúnwọ́sílẹ̀ bí òjò bá ti kọjá mìlímítà 42, òjò alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nílùú wa. Òjò mìlímítà 100 á kó omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lítà 1.8 sínú àrọ yín; ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ìgò náà ju lítà 2 lọ.

Ibi tí ẹ gbé e sí ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹ fi ṣe é lọ. Bí ògiri kíláàsì bá ga ní mítà 4, kí ìgò yín fi ó kéré tán mítà 8 jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni fún igi máńgòrò. Ẹ so ó mọ́ òpó, kí ẹnu àrọ ga tó mítà 1 sílẹ̀. Bó bá sún mọ́ ilẹ̀, pàápàá ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, omi tó ta sókè láti ilẹ̀ á wọ inú rẹ̀. Ewúrẹ́ náà á sì dé ibẹ̀. Kí ẹnu àrọ tẹ́jú pẹrẹsẹ, nítorí bó bá dagun, òjò tó yẹ kó gbà kọ́ ló máa gbà.

Aago 9 àárọ̀ ni kí ẹ máa kà á lójoojúmọ́. Ẹ kọ déètì ọjọ́ tí ẹ kà á, ẹ má yí i padà torí pé òjò alẹ́ àná ni. Ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, ẹ kọ 0. Ẹ má fi àyè sílẹ̀ lófìfo, nítorí ẹni tó bá ń ka ìwé yín lẹ́yìn ọdún márùn-ún kò ní mọ̀ bóyá òjò ni kò rọ̀ ni tàbí ọmọ tó yẹ kó kà á ni kò wá. Ìparí ọ̀sẹ̀ ló máa ń da ìwé ilé ẹ̀kọ́ rú jù. Ohun tí ẹ bá bá nínú ìgò lọ́jọ́ Ajé ti di òjò ọjọ́ mẹ́ta: ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ "àpapọ̀ ọjọ́ 3" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má pín in sí mẹ́ta, ẹ má sì kọ ọ́ bíi òjò ọjọ́ Ajé nìkan. Bí ẹ bá ti kà á tán, ẹ da omi náà nù, kí ẹ̀fọn má fi ṣe ilé. Yunifásítì ọ̀gbìn tó wà ní Alábàtà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fún omi àti ojú ọjọ́ oko. Ìwé tí kò ní àlàfo fún ọdún kan gbáko tó ohun tí olùkọ́ lè gbé tọ̀ wọ́n lọ.

*Ọdẹ ni mí nígbà tí mo ṣì lágbára. Mo mọ ẹyẹ, mo sì mọ ohùn wọn, ṣùgbọ́n orúkọ Yorùbá wọn nìkan ni mo mọ̀. Ọmọ mi ní àwọn kan ń ka ẹyẹ káàkiri Nàìjíríà. Ṣé irú èmi lè bá wọn ṣe?*
— Bàbá ẹni ọdún 71, Ìbẹ̀rẹ̀kòdó

Bàbá, irú yín gan-an ni iṣẹ́ náà nílò. Nigerian Bird Atlas Project ni orúkọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ibùdó ìwádìí ẹyẹ APLORI tó wà ní Laminga lẹ́bàá Jos ló sì ń ṣe agbátẹrù rẹ̀. Wọ́n pín gbogbo orílẹ̀-èdè sí àwọn ojú ilẹ̀ onígun mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó kìlómítà 9 síhìn-ín, kìlómítà 9 sọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ kópa á yan ọ̀kan, á rìn káàkiri inú rẹ̀, á sì kọ gbogbo oríṣi ẹyẹ tó bá rí tàbí tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó. Wákàtí 2, ó kéré tán, ni kí ẹ fi wá ẹyẹ lójú méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ lè máa fi oríṣi tuntun kún un títí ọjọ́ 5 á fi pé, kí ẹ tó parí ìwé náà kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bí ẹ bá ṣe ń rí wọn ni kí ẹ máa tò wọ́n: èyí tí ẹ kọ́kọ́ rí sí òkè, èyí tí ẹ rí kẹ́yìn sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó kọ oríṣi kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ rí ẹ̀ga ọgọ́rùn-ún, "ẹ̀ga" kan ṣoṣo ni. Ìdí tí títò yẹn fi wúlò ni pé ẹyẹ tó pọ̀ ládùúgbò á tètè máa wọ òkè ìwé àwọn èèyàn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sún wálẹ̀ lọ́dọọdún, iye rẹ̀ ń dín kù nìyẹn kó tó di pé ó pòórá. Kí ẹ sì dé oríṣiríṣi ibi nínú ojú ilẹ̀ yín: etí odò Ògùn, oko ẹ̀gẹ́, ẹ̀gbẹ́ àpáta, àárín ilé. Ẹni tó jókòó sábẹ́ igi kan fún wákàtí méjì kò tíì ka ẹyẹ agbègbè náà. Láti aago 6:30 sí 9:30 àárọ̀ ni ẹyẹ ń sọ̀rọ̀ jù.

Fóònù ni wọ́n fi ń kọ ọ́, áàpù tí wọ́n ń pè ní BirdLasser. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń fi ibi tí ẹ dúró sí àti aago sí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan. Kò nílò dátà nígbà tí ẹ bá wà nínú igbó, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi ìwé náà ránṣẹ́ nìkan ló nílò rẹ̀. Orúkọ òyìnbó ni áàpù náà mọ̀, ibẹ̀ sì ni ọmọ yín ti wúlò: ẹ̀yin á mú etí àti ojú wá, òun á mú fóònù àti ìwé àwòrán ẹyẹ wá.

Ohun tó máa ń fa àṣìṣe ni pé orúkọ Yorùbá kan lè kó oríṣi ẹyẹ méjì mẹ́ta pọ̀. Ẹ wo àdàbà. Ọ̀kan wà tó tóbi, ó ní ìlà dúdú lẹ́yìn ọrùn bíi kọ́là tí kò yípo tán, awọ pupa sì yí ojú rẹ̀ ká. Èkejì kéré, kò ní ìlà dúdú lọ́rùn rárá, àyà rẹ̀ ló pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí ó ní àmì dúdú tótòtó. Àdàbà ni à ń pe méjèèjì, ṣùgbọ́n Red-eyed Dove ni ti àkọ́kọ́, Laughing Dove ni ti èkejì. Bí ẹ bá rí "àdàbà", kí ọmọ yín béèrè lọ́wọ́ yín pé: ìlà dúdú wà lọ́rùn àbí kò sí? Bó bá di pé ẹ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ má kọ ọ́. Ẹyẹ tí ẹ fò burú díẹ̀, ẹyẹ tí kò sí níbẹ̀ tí ẹ kọ burú jù ú lọ, nítorí wọ́n lè fi ọdún púpọ̀ gbé e kiri.

Ẹ ra ìwé ọgọ́ta ojú ewé kan lọ́tọ̀, kí ẹ máa kọ orúkọ tí àwọn Ẹ̀gbá ń pe ẹyẹ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òyìnbó rẹ̀ bí ọmọ yín bá ti rí i. Áàpù náà kò ní àyè fún èyí, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń dàgbà. Ohun kan tún wà tí kò nílò fóònù rárá: lékèélékèé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń wà lọ́dọ̀ wa, bí òjò bá ti ń le ni ó máa ń gba òkè lọ síhà àríwá. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí i lọ́dún kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí ẹ rí i kẹ́yìn.

*Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ń fi àwòrán kòkòrò àti ewéko sórí iNaturalist. Ó ti lé ní ogójì, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ni wọ́n fọwọ́ sí. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?*
— Akẹ́kọ̀ọ́, Alábàtà

Àbúrò wa, kí àwòrán tó gba òǹtẹ̀ "Research Grade" (ìyẹn ni pé ó tó lò fún ìwádìí) lórí iNaturalist, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń fi ẹ̀dá tí wọ́n rí han ara wọn kí wọ́n lè jọ dá a mọ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́, ó gbọ́dọ̀ ní ibi, kó jẹ́ ẹ̀dá tó ń gbé fúnra rẹ̀, kí èèyàn méjì ó kéré tán sì fẹnu kò lórí oríṣi tó jẹ́. Bí àwọn tó sọ̀rọ̀ bá pọ̀, kí àwọn tó gbà ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Wo tìrẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, wàá rí èyí tó kù.

Ohun àkọ́kọ́ tí a fura sí ni WhatsApp. Bí o bá ya àwòrán, tí o fi ránṣẹ́ sí ara rẹ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ, tí o wá gbé èyí tó ti WhatsApp jáde sórí iNaturalist, ọjọ́ àti ibi tí fóònù kọ sínú àwòrán náà ti bọ́ dànù. Ọjọ́ tí o gbé e sókè ni wàá máa rí níbẹ̀, tàbí àyè òfìfo. Àwòrán tó wà nínú kámẹ́rà gan-an ni kí o lò. Kí o tó jáde nílé, lọ sínú ètò kámẹ́rà, kí o gbà á láyè láti máa kọ ibi tí o wà. GPS kò jẹ dátà. O lè pa dátà títí wàá fi délé. Kàn dúró bí ìṣẹ́jú kan sí méjì ní gbangba kó lè rí ibi tí o wà dáadáa. Bí o bá rí i pé òbìrìkìtì tó yí ibi náà ká lórí máàpù gbòòrò tó kìlómítà kan, kò tíì rí i nìyẹn.

Àwòrán kan kì í tó. Fún ewéko, ya ojú ewé, ya ẹ̀yìn ewé, ya bí ewé ṣe so mọ́ igi (ṣé méjì-méjì ni wọ́n dojú kọra àbí wọ́n ń yà síhìn-ín sọ́hùn-ún?), ya òdòdó tàbí èso. Fún labalábá, ya inú ìyẹ́ àti ẹ̀yìn ìyẹ́, nítorí àwọn mìíràn wà tí inú wọn jọra tí ẹ̀yìn wọn kò jọra rárá. Àwòrán mẹ́rin nípa ẹ̀dá kan náà ni kí o kó pọ̀ sójú kan; má ṣe é ní ẹ̀dá mẹ́rin. Ejò ni kí o dúró jìnnà sí, kí o fi kámẹ́rà fà á súnmọ́. Bí kò bá hàn dáadáa, fi í sílẹ̀.

Igi ọsàn tó wà nínú ọgbà, òdòdó inú ìkòkò àti adìyẹ ilé kò lè gba òǹtẹ̀ yẹn. Wọn kò burú, ṣùgbọ́n fi àmì sí i fúnra rẹ pé èèyàn ló gbìn ín tàbí tó ń sìn ín.

Ṣọ́ra fún orúkọ tí ẹ̀rọ bá dábàá fún ọ. Àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ, láti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni wọ́n ti pọ̀ jù, nítorí náà ó lè mú kòkòrò Jámánì wá fún ohun tí o rí ní Alábàtà. Kí o tó gba orúkọ kan, wo máàpù rẹ̀ bóyá wọ́n ti rí i rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí kò bá dá ọ lójú, dúró sí orúkọ tó gbòòrò. Kọ "labalábá" nìkan, àwọn tó mọ̀ ọ́n á mú un sọ̀kalẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹ̀dá tí wọ́n ń ṣọdẹ rẹ̀ láti tà, bíi odídẹrẹ́ tàbí akika, iNaturalist fúnra rẹ̀ máa ń fi ibi gan-an pamọ́ fún irú wọn tó wà lórí àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó ń lọ sí ìparun. Àgbègbè tó fẹ̀ tó kìlómítà 22 ló máa fi hàn. Ṣùgbọ́n bí ìwọ bá tún kọ orúkọ abúlé náà sábẹ́ àwòrán, ìwọ lo ti fi ọ̀nà han ẹni tó ń wá a.

*Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àṣeyẹ. Aládìrẹ ni wá. Àwọn èèyàn ń ní omi aró wa ló ń ba odò Sókòrí jẹ́. A ò fẹ́ ba odò jẹ́, ṣùgbọ́n a ò lè ṣíwọ́ iṣẹ́. Kí la lè ṣe?*
— Ìyá aládìrẹ, Ìtòkú

Ẹ ṣé, ìyá wa, tí ẹ fi òtítọ́ inú béèrè. Ohun mẹ́ta ló wà nínú omi yín tí odò kò fẹ́: sódà, háídírò (kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró yọ́ sínú omi), àti ẹ̀kọ láfún tó bọ́ lára aṣọ ẹlẹ́kọ. Ẹ̀kọ náà ni àwọn èèyàn fojú di jù. Bó bá dé inú odò, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí á máa jẹ ẹ́, wọ́n á sì lo afẹ́fẹ́ inú omi tán, ẹja á wá kú láìjẹ májèlé kankan. Ẹ ha ẹ̀kọ kúrò lára aṣọ kí ẹ tó fi omi ṣàn án, ẹ fi asẹ́ sẹ́ omi àkọ́kọ́, kí ẹ da gèdègédé rẹ̀ sí ààtàn.

Ní ti ìkòkò aró: ẹ má tètè dà á nù. Aró tó ti rẹ̀ ṣì lè pa aṣọ ní búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bó bá ti rẹ̀ pátápátá, ẹ bù ú sínú abọ́ ńlá tó fẹnu, ní gbangba tí atẹ́gùn ń fẹ́, tí ọmọdé kò lè dé. Ẹ máa fi igi rò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin márùn-ún lóòjọ́ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Atẹ́gùn á pa háídírò, omi tó jẹ́ àwọ̀ ewé á padà di búlúù, aró tó kù á sì wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ rọra bu omi ojú rẹ̀ kúrò. Gèdègédé aró yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, ó lè padà sínú ìkòkò tuntun.

Sódà ṣì wà nínú omi ojú rẹ̀. Ẹ ra bébà pH ní ibi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì; àwọ̀ rẹ̀ máa ń fi nọ́ńbà hàn, nọ́ńbà kékeré ni ti omi kíkan, nọ́ńbà ńlá ni ti omi onísódà. Bí ẹ bá tì í bọ omi náà, ẹ lè rí 11 tàbí 12. Omi odò lásán sábà máa ń wà láàárín 6.5 sí 8.5. Omi ojú ògì tó ti kan dáadáa á mú un wálẹ̀, ọtí kíkan náà á ṣe é. Ẹ da ife kan, ẹ rò ó, ẹ fi bébà yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó da òmíràn. Bó bá dé nǹkan bíi 8, ẹ dúró, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wákàtí kan.

A bẹ̀ yín, ìgbà tí háídírò bá ti kú nìkan ni kí ẹ ṣe èyí. Bí ohun kíkan bá kan háídírò tó ṣì lágbára, èéfín tó máa jáde lè mú èèyàn léèémí. Ẹ ṣọ́ra fún sódà náà: inú omi ni kí ẹ da sódà sí, ẹ má da omi lé sódà lórí, nítorí á hó ta sí ojú yín.

Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ìyípadà ń dé bá odò náà, ẹ yan ojú méjì, ọ̀kan lókè ibi tí omi aró ti ń wọlé, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní aago kan náà, ẹ ti bébà bọ méjèèjì, ẹ kọ nọ́ńbà, ẹ kọ àwọ̀ omi. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò pa aró pẹ̀lú. Bí òkè náà bá burú tó ìsàlẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, ẹ sì ní ìwé lọ́wọ́ láti fi sọ bẹ́ẹ̀.

*Ṣé òótọ́ ni pé iná tí à ń sun lóko ló ń sọ igbó di ọ̀dàn? Bàbá mi sun ún, bàbá tiẹ̀ náà sun ún.*
— Àgbẹ̀, Ọ̀dẹ̀dá

Òótọ́ ni, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì jìnnà sí yín. Ní igbó ìjọba Olókèméjì, wọ́n ya ilẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ ní 1929. Ọ̀kan, wọ́n ń sun ún lọ́dọọdún ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀kan, wọ́n ń sun ún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná dé ibẹ̀ rárá. Èyí tí iná kò dé di igbó kìjikìji. Èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn kún fún koríko, àwọn igi tí ara wọn gba iná nìkan ló kù níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ sun ún jẹ́ kókó: ní oṣù Kejì àti Kẹta, koríko ti gbẹ fọ́nfọ́n, iná á gbóná dé gbòǹgbò ọmọ igi. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ sun ún, kó jẹ́ kété tí òjò bá dáwọ́ dúró, ní ìrọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́. Kí ẹ sì ti ro ilẹ̀ yí i ká títí yóò fi di erùpẹ̀ lásán, kó fẹ̀ tó mítà 3. Ẹ má dáná lásìkò ọyẹ́ rárá.

Máàpù iná tí wọ́n ń pè ní FIRMS, ti NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń fi iná hàn láàárín wákàtí 3 tí sátẹ́láìtì rí i. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi aago 1:30 ọ̀sán àti 1:30 òru ni àwọn tó ń ríran jù nínú wọn ń kọjá, nítorí náà iná tó bẹ̀rẹ̀ ní aago 4 tó kú ní aago 7 lè ṣàì hàn níbẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọjọ́, aago àti oko tó jó sílẹ̀, ẹ ti kọ ohun tí wọn kò rí.

*Igún ti dín kù lódò ẹran. Ṣé ó yẹ kó kan wa?*
— Alápatà, Láfẹ́ńwá

Ó yẹ. Igún tó ń wọ àárín ìlú wa, èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ sì ń pọ́n bí inú bá ń bí i, ti wọ ipò ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kó parun láti 2015. Májèlé àti pípa á tà fún oògùn ló ń run ún jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi májèlé pa ajá tàbí eku nítòsí odò ẹran, nítorí igún ló máa jẹ òkú wọn. Bí ẹ bá fẹ́ kà wọ́n, ẹ mú Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, láti aago 7 sí 8 àárọ̀. Ẹ wo gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Iye tó pọ̀ jù tí ẹ rí lójú kan ni kí ẹ kọ. Ẹ má ro iye ìgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, nítorí ẹyẹ kan náà lẹ ó máa kà léraléra. Bí ẹ kò bá rí ọ̀kankan, ẹ kọ 0.

*Ohun kan ń gbó lórí igi lóru lẹ́yìn abúlé wa, bí ajá tí ọ̀fun rẹ̀ ti há. Àwọn kan ní iwin ni. Àwọn àgbà ní òwàwà ni. Ta la máa gbà gbọ́?*
— Olùkàwé, Ìbarà Orílé

Ẹ gba àwọn àgbà gbọ́. Òwàwà, tí àwọn mìíràn ń pè ní òfàfà, jọ òyà kékeré tí kò nírù, ṣùgbọ́n erin ló bá tan ju òyà lọ. Orí igi ni ó ń gbé, òru ni ó ń ké. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ gbà pé oríṣi kan náà ló wà káàkiri ìhà ibí. Nígbà tó yá, wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn tó wà láàárín odò Volta ní Gánà àti odò Ọya ń gbó, nígbà tí àwọn tó wà ní ìhà kejì àwọn odò méjèèjì ń han gooro. Wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ káàkiri Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà láti 2009, wọ́n wo agbárí àti irun wọn, wọ́n sì kéde ní 2021 pé oríṣi ọ̀tọ̀ ni. Dendrohyrax interfluvialis ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn ni òwàwà àárín odò méjì. Àárín odò méjì yẹn ni Ìbarà Orílé wà. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn ló tú àṣírí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gbà á sílẹ̀. Áàpù ìgbohùnsílẹ̀ inú fóònù ni kí ẹ lò, ẹ má lo ti WhatsApp, nítorí ó máa ń fún ohùn pọ̀ tí á fi bàjẹ́. Bí fóònù yín bá fún yín láyè láti yan WAV, irú èyí tí kì í fún ohùn pọ̀, ẹ yan án. Ẹ pa iná tọ́ọ̀ṣì, ẹ dúró sójú kan, ẹ na fóònù sí apá ibi tí ohùn ti ń wá, kí ẹ má fi ìka di ihò gbohùngbohùn rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta tó. Kò dìgbà tí ẹ bá rí i. Ẹ má sì gun igi lọ bá a. iNaturalist ń gba ohùn bó ṣe ń gba àwòrán. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ dúró, ẹ sọ orúkọ abúlé, ọjọ́ àti aago sínú rẹ̀ lóhùn kẹ́lẹ́, kí ẹ sì sọ irú igi tí ohùn náà ti ń wá bí ẹ bá mọ̀ ọ́n.